Ẹ má tíì gbà á wọlé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹnìkan fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́ sí library yín tí ẹ fi èdè C kọ, pé gbogbo ìdánwò ló yege, ṣé kí ẹ kàn gbà á wọlé? Ẹ dúró ná. Ìdánwò kì í mú ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò rò.

Mo ka èyí tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìbéèrè yín. Ìlà tó dá mi dúró ni `buf = realloc(buf, n);`. Iṣẹ́ realloc ni láti yí ìwọ̀n mẹ́mórì tí `buf` ń tọ́ka sí padà sí `n`. Bí mẹ́mórì bá tán, realloc á dá NULL (àdírẹ́sì òfo) padà, NULL yẹn á sì gba ipò àdírẹ́sì àtijọ́. Mẹ́mórì ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tú u sílẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó kọ patch náà kọ́kọ́ fi èsì realloc sínú `tmp`, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá NULL ni, kó tó gbé e fún `buf`.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni `n` fúnra rẹ̀. Ibo ló ti wá? Bó bá jẹ́ inú dátà tó wọlé láti ìta ló ti kà á, àfi kó fi wé iye tó dé ní tòótọ́. Àìṣe èyí ló bí Heartbleed, àléébù ààbò ńlá kan nínú OpenSSL, library tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń dáàbò bo dátà wọn: wọ́n yẹ kóòdù náà wò kí wọ́n tó gbà á, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀ láti 2012 di oṣù kẹrin 2014.

Ẹ fi `-fsanitize=address`, àṣàyàn tó ń mú kí àṣìṣe mẹ́mórì hàn nígbà tí kóòdù bá ń ṣiṣẹ́, compile rẹ̀, kí ẹ tún àwọn ìdánwò ṣe. Àwọn àyè òfìfo (space) tó kàn ń yí padà kiri nínú kóòdù, kó kó wọn sínú patch ọ̀tọ̀. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́! Ẹ fohùn tútù bá a sọ̀rọ̀ o. Àlàyé tó kọ sí commit rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àtúnṣe náà) dáa ju tèmi lọ.