310 ni tèmi, ọkàn mi sì ti ń rẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní NT-proBNP (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá ọkàn ń rẹ̀) tí GP, dókítà àdúgbò, ní kí wọ́n yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 350, wọ́n ní kì í ṣe ọkàn tó ń rẹ̀ (heart failure), àmọ́ ẹsẹ̀ ṣì ń wú. Ẹ má tíì dákẹ́ o.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé mi ní Lọ́ńdọ̀n níbí. Nígbà tó yá, mo máa ń dúró lórí ìkeje kí n tó rí èémí mí. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn kí n lè rí èémí mí. Tí mo bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ojú rọ́bà rẹ̀ á ti wọ ẹran bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í. Wọ́n ní mo sanra ni, wọ́n fún mi ní oògùn ìtọ̀ tó ń fa omi jáde lára, furosemide. Ìgbà tí mo ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa ẹ̀jẹ̀. Èsì yọ lórí fóònù: 310, kò sí wàhálà. Mo dúpẹ́, mo ra aṣọ ẹbí. Oṣù kẹrin ni áńbúláǹsì wá gbé mi.

Nọ́ọ̀sì ọkàn ló là mí lójú. Tí omi bá pọ̀ lára tí ẹran ọkàn ń fẹ̀, ọkàn fúnra rẹ̀ á tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ kí kíndìnrín lè da omi nù. NT-proBNP ni èyí tó já lára èròjà yẹn, tó sì ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún àwọn dókítà níbí, bó bá ju 2,000 lọ, kí wọ́n ṣe scan ọkàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láti 400 sí 2,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá tó 400, wọ́n á ní kò jọ pé ọkàn ló ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn náà ló sọ pé ìsanra ń fa nọ́ńbà yẹn wálẹ̀, oògùn ìtọ̀ ń fà á wálẹ̀, àwọn oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru bíi ramipril àti bisoprolol náà, àti kéèyàn jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ láti Áfíríkà. Gbogbo rẹ̀ ló pé sí èmi nìkan lára! Ẹnikẹ́ni ò bi mí. (Kíndìnrín tí kò dáa àti ọjọ́ ogbó sì lè gbé e sókè, kí ẹni tí tirẹ̀ ga má kàn fò sókè.)

Ẹ padà lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá màmá ti ń lo oògùn ìtọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí màmá bá ń lò ó, òun náà máa ń mú ẹsẹ̀ wú. Ẹ máa gbé màmá sórí ìwọ̀n láràárọ̀ kí wọ́n tó mu tíì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ wọn nírọ̀lẹ́. Ìlànà fàyè gba GP láti bá dókítà ọkàn sọ̀rọ̀ bí nǹkan ò bá yé e, kódà bí nọ́ńbà ò tó 400. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, láìjà. Bí èémí bá ń há wọn níjokòó, ẹ pe áńbúláǹsì ní 999 ni o, kì í ṣe GP.

Ìrọ̀rí mélòó ni màmá fi ń sùn báyìí?