Kí ẹ tó da akọ àti abo bearded dragon pọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, lápá Under G. Lọ́dún tó kọjá ni àbúrò mi ra bearded dragon méjì, irú alángbá ọ̀sìn kan, fún àwọn ọmọ mi l'Ékòó, akọ kan, abo kan. Ọjọ́ kan náà ló rà wọ́n, ọwọ́ ẹnì kan náà ló sì ti rà wọ́n. Wọ́n ti tó oṣù mọ́kànlá báyìí. Àgbọ̀n akọ ti máa ń dúdú, ó sì ń mi orí sí abo ṣáá. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa bímọ, pé owó wà níbẹ̀. Kí ni kí n pèsè sílẹ̀? Ṣé mo lè lo ínkúbétọ̀ tí àwọn aládìẹ fi ń pa ẹyin? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Kéèjì méjì ni, kí ẹ sì gbé wọn síbi tí ojú wọn kò ti ní máa ṣe mẹ́rin. Bí akọ bá gun abo lẹ́ẹ̀kan péré, abo lè fi àtọ̀ yẹn pamọ́ sínú ara, kó sì máa fi í yé ẹyin tó lọ́mọ nínú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìtún fojú kan akọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí "ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìpinnu tó wà lọ́wọ́ yín ni èyí tí ẹ bá ṣe kí wọ́n tó gun ara wọn. Bí wọ́n bá ti gun ara wọn tán, ọ̀rọ̀ ti di ti ara abo.

Aṣálẹ̀ àti ilẹ̀ gbígbẹ àárín Ọsirélíà ni ẹran yìí ti wá, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni òun àti alángbá ara ògiri wa. Àwa náà mọ alángbá tó já láti orí ìrókò tó ń mi orí, a ní ó ń yin ara rẹ̀. Ti akọ yín kì í ṣe ìyìn: abo ló ń lépa. Bí ẹ bá sì rí abo tó gbé ọwọ́ kan sókè, tó ń yí i lọ́ra lọ́ra bí ẹni tó ń juwọ́ síni, ẹ má ṣe rò pé ó ti gbà. "Mo gbà pé o jù mí lọ, má ṣe mí léṣe" ni àmì yẹn túmọ̀ sí láàárín wọn. Akọ tó wà pẹ̀lú abo nígbà gbogbo kò ní jẹ́ kó sinmi, yóò máa gé e jẹ lọ́rùn, abo kò sì ní lè jẹun dáadáa. Yálà ẹ fẹ́ ọmọ tàbí ẹ ò fẹ́, kò yẹ kí wọ́n máa gbé pọ̀.

Oṣù mọ́kànlá kéré fún abo. Ó lè yé ẹyin lóòótọ́, ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ẹyin 15 sí 25 ló sì wọ́pọ̀ nínú ìyé kan. Inú ara òun fúnra rẹ̀ ni kálísíọ́mù tí yóò fi ṣe èèpo gbogbo wọn ti máa jáde. Bí oúnjẹ kò bá pèsè rẹ̀ tó, ara yóò yọ ọ́ láti inú egungun. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn irú ìyé bẹ́ẹ̀, àgbọ̀n wọn á ti rọ̀, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n, òmíràn kò ní lè gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́. Èyí tó burú jù ni kí ẹyin há sínú rẹ̀. Iṣan ara náà nílò kálísíọ́mù kó tó lè ti ẹyin jáde; bí kò bá sí, ẹyin á jókòó síkùn, ó di iṣẹ́ abẹ, abo mìíràn kì í sì í yè é. Mi ò gbà kí abo tí kò tíì pé oṣù 18 bímọ. Ọdún méjì gan-an ló tẹ́ mi lọ́rùn. Kó wọn 350 giráàmù ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n, kó máa jẹun dáadáa, kí ìdí ìrù rẹ̀ kún, kí egungun ìbàdí rẹ̀ má yọ síta. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà tó fún èyí. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́run fi oòrùn jíǹkí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kó wúlò fún un. UVB tó wà nínú ìtànṣán oòrùn ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè lo kálísíọ́mù tó jẹ. Gíláàsì fèrèsé máa ń dí i, nítorí náà ẹran tó ń yáàrùn lẹ́yìn gíláàsì kò rí nǹkan kan gbà ju ooru lọ. Ẹ ṣe kéèjì onínẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè gbé síta láàárọ̀, kí apá kan rẹ̀ ní ibòji tó lè sá sí, kí ẹnì kan sì wà nítòsí nítorí àṣá, ológbò àti ìjàlọ. Lọ́jọ́ òjò àti nígbà ọyẹ́ tó mú, gílóòbù UVB ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ní ti ẹ̀fọ́, mo mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ló yá jù lọ́jà, ṣùgbọ́n oxalate pọ̀ nínú àwọn méjèèjì, ó máa ń di kálísíọ́mù mú kí ara má rí i lò. Ẹ má ṣe sọ wọ́n di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú ewé àti èso elégédé, kí ẹ sì máa bu ìyẹ̀fun calcium carbonate tí kò ní phosphorus díẹ̀ sára kòkòrò tí ẹ bá fún un. Ìyẹ̀fun egungun tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ adìẹ kọ́ ni mò ń wí, phosphorus pọ̀ nínú ìyẹn, òun náà kì í jẹ́ kí ara rí kálísíọ́mù lò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dà mí láàmú nínú ìwé yín ni pé ọjọ́ kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà, ni wọ́n ti ra àwọn méjèèjì. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba Ọsirélíà ti fòfin de títa irú ẹran ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ òkèèrè, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ tó ti jáde ni gbogbo èyí tí àwọn èèyàn ń sìn káàkiri ayé ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti súnmọ́ra tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún wá da ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ àbúrò, ẹ máa rí ẹyin tí kò pa, ọmọ onírù wíwọ́, ọmọ tí kò lágbára láti jẹun. Bí ẹni tó tà á kò bá lè sọ fún yín pé ìyá àti bàbá wọn yàtọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀ láéláé, kódà bí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Akọ mìíràn ni kí ẹ wá, kó jẹ́ láti ìlú mìíràn. Bó bá sì jẹ́ pé láti òkè òkun ni ẹ fẹ́ gbé e wọlé, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Nigeria Agricultural Quarantine Service kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú. Irú kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀, leatherback ni wọ́n ń pè é. Bí akọ àti abo bá jẹ́ leatherback, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn ni kò ní ní ìpẹ́ lára rárá. Awọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ya, oòrùn máa ń jó o, èékánná akọ tó bá gùn ún a sì máa fà á ya. Èmi kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa mọ̀ọ́mọ̀ bí ẹran tí awọ ara rẹ̀ yóò máa dùn ún títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ínkúbétọ̀ tí ẹ béèrè: rárá, ẹ má lo ti adìẹ. Nǹkan bíi 37.5°C ni wọ́n ń gbé e sí fún ẹyin adìẹ, ìyẹn á se ẹyin bearded dragon pa. 28 sí 29°C ni tirẹ̀, fún ọjọ́ 55 sí 75. Èyí tó jẹ́ aládàáṣiṣẹ́ nínú wọn a tún máa yí ẹyin, bẹ́ẹ̀ ẹyin tèyí kò gbọ́dọ̀ yí rárá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé e. Bí ẹ bá yí i, ọmọ inú rẹ̀ lè kú. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e, bó ṣe wà nílẹ̀ ni kó ṣe wà nínú ike, lórí vermiculite (òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tó máa ń fa omi mu) tó tutù díẹ̀. Wàhálà tó wà níbí yàtọ̀ sí ti àwọn ará ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń kọ ìmọ̀ràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe máa mú yàrá gbóná ni ìṣòro tiwọn. Tiwa ni bí a ṣe máa mú un tutù. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, yàrá onípáànù l'Ógbómọ̀ṣọ́ máa ń kọjá 32°C lọ́sàn-án. Ní 2007, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Canberra fi hàn pé bí ooru bá kọjá 32°C, ọmọ tó yẹ kó jẹ́ akọ lè jáde bí abo. Bó bá tún lé sí i, ẹyin á kú. Bí ọyẹ́ bá dé, òru á tutù ju bó ti yẹ lọ, ọ̀sán á sì gbóná. Ẹ̀rọ tó lè ṣe méjèèjì, mú gbóná àti mú tutù, ni ẹ nílò, pẹ̀lú sólà àti bátìrì tó lè gbé e fún oṣù méjì àbọ̀, nítorí NEPA kò ní dúró de ẹyin. Ẹ dán ẹ̀rọ náà wò lófìfo fún oṣù kan kí ẹyin tó wà níbẹ̀ rárá.

Ká ní gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere, ogún ọmọ ló pa. Ọmọ kan lè jẹ ọgbọ̀n ìrẹ̀ kéékèèké lóòjọ́. Ogún ọmọ, ẹgbẹ̀ta ìrẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó lè tà wọ́n. Ìyé kan péré nìyẹn, òmíràn lè tẹ̀ lé e láàárín oṣù kan. Níbo ni ẹ ti máa rí i? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kòkòrò tí àwọn ọmọ bá mú nígbó tàbí lóko káṣú. Òògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n wà lára wọn, a kò lè fi ojú rí i. Tanná-tanná tó ń tan iná lóru lewu jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn irú kan wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti pa àgbà bearded dragon. Ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìrẹ̀ fúnra yín ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ìdin black soldier fly tí àwọn ẹlẹ́ja ti ń sìn báyìí náà dára, kálísíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀. Kí kòkòrò má fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú ọmọ náà méjèèjì lọ. Bí ebi bá pa wọ́n, tàbí tí ẹ bá kó ńlá pọ̀ mọ́ kékeré, wọn á máa gé ìka àti ìrù ara wọn jẹ, ìrù tó bá sì gé kò ní hù mọ́, kò rí bíi ti alángbá wa. Kéèjì mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹ máa nílò, pẹ̀lú gílóòbù tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Owó ńkọ́? Mi ò rí ọjà rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń rà á wà l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábújá, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń rà á. Ẹ wá ẹni mẹ́wàá tí yóò fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn máa gbà á, kí ẹ tó bí ẹyọ kan. Bí kò bá sí irú wọn, ẹyin tó bá jáde ẹ kó o sínú fìríìsà lọ́jọ́ tó yé e gan-an. Ẹ má tú ọmọ rẹ̀ sígbó. Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni ẹ ń wá, ìgbín tàbí ehoro yóò sanwó ju èyí lọ nílùú wa.

Àwọn ìbejì yín: bakitéríà salmonella máa ń wà nínú ìgbẹ́ bearded dragon tí ara rẹ̀ le koko pàápàá, ó sì máa ń ṣe ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún léṣe gan-an. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìfọwọ́kàn gbogbo. Ẹ má fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ.

Bí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ igun kéèjì, tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí oúnjẹ ń dínkù, ẹyin ti wà níkùn nìyẹn. Ó lè yé e láìsí akọ rárá, ẹyin tí kò lọ́mọ nínú. Ẹ gbé ike tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan fún un, kí ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ tútù tí kì í wó bí ẹ bá fọwọ́ gbẹ́ ihò sínú rẹ̀. Bó bá gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí kò yé nǹkan kan, tí ojú rẹ̀ jìn sínú tàbí tó dùbúlẹ̀ láìmira, ẹ má dúró di Mọ́ńdè. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, bí kò bá sì sí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nítòsí yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Páálí tó ní ihò ni kí ẹ fi gbé e, pẹ̀lú aṣọ nísàlẹ̀. Kí ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ tuntun dání sínú ike kékeré tó ní ìdérí, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn àti coccidia (kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun), kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí dání.