Ọmọ mi ń ka Demon Slayer, ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. London ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń yá ìwé ìtàn aláwòrán Japan kan wálé láti láíbúrérì, Demon Slayer lorúkọ ẹ̀, tó bá ti ń kà á oúnjẹ á tutù síwájú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rí i lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí n yáa kó o jùnù, pé ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ọmọ sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tún wá ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ wo fíìmù ẹ̀ ní sinimá. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ìdáhùn:

Sìstá mi, ẹ kú ìrònú ọmọ. Leeds lèmi wà, ọmọ mi obìnrin ló kó tiwa wọlé, mo sì jókòó kà á tán, gbogbo ìwé 23, torí mi ò lè máa fi ohun tí mi ò rí bá ọmọ jà. Ó kúkú ti parí, láti 2016 sí 2020 ni Koyoharu Gotouge fi kọ ọ́, ẹ ò ní máa rà á títí ayé.

Ìtàn ẹ̀ rèé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ní Japan, ọmọkùnrin kan, Tanjiro, bàbá ẹ̀ ti kú, òun làkọ́bí, èédú ló ń tà kí ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ lè jẹun. Ó tajà lọ, ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà, bàbá àgbà kan ní kó sùn sọ́dọ̀ òun, ìgbà tó máa fi délé láàárọ̀ ànjọ̀nú ti pa wọ́n, àfi Nezuko àbúrò ẹ̀ obìnrin, òun náà sì ti ń di ànjọ̀nú. Bó ṣe máa sọ ọ́ dèèyàn padà ló ń wá kiri látìgbà náà. Inú àpótí ló ń gbé e sí, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn torí oòrùn ò gbọdọ̀ kàn án, wọ́n sì fi ọparun dí i lẹ́nu kó má baà bu èèyàn jẹ.

Kò sẹ́ni tó ń bọ ànjọ̀nú níbẹ̀ o, pípa ni wọ́n ń pa wọ́n. Àmọ́ èèyàn ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, Tanjiro ò sì gbàgbé ẹ̀. Ọ̀kan wà, obìnrin, nínú àwọn ànjọ̀nú aláǹtakùn, wọ́n fipá sọ ọ́ di ìyá ilé, wọ́n ń lù ú. Bó ṣe rí idà Tanjiro tó ń bọ̀, ṣe ló sọwọ́ sílẹ̀ tó na ọrùn fún un. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ yẹn yí ọwọ́ idà padà sí èyí tí kì í dunni, bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá ló ṣe bà á. Ibi àwo fífọ̀ lọmọ mi ti ń ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, omi ń dà sílẹ̀.

Ẹ̀sìn tiwọn wà nínú ẹ̀ ṣá, mi ò ní parọ́. Bàbá Tanjiro máa ń jó fún òrìṣà iná lọ́dún tuntun, afọ́jú gìrìwò kan sì wà tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ké pe Buddha tẹkúntẹkún. Ẹ kàn sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ lèmi ń bá a fà. Orí ni wọ́n ń bẹ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tọ́mọ fẹ́ràn á sì kú. Dúdú àti funfun ni tinú ìwé, ó ṣì ṣeé wò, fíìmù ló wá pupa yòò. Ti sinimá yẹn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ọmọ ọdún 15 sókè ni wọ́n ní kó wo fíìmù ẹ̀ tó ń jẹ́ Mugen Train, 15 náà ni wọ́n fún Infinity Castle tó jáde ní 2025, kódà bẹ́ ẹ bá dì í lọ́wọ́ mú wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ jẹ́ kí sinimá bá yín sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìwé 9 sí 11 ńkọ́? Yoshiwara ni wọ́n lọ, àdúgbò aṣẹ́wó tí wọ́n ń ta àwọn ọmọbìnrin sí láyé ìgbà yẹn, ọ̀gá tó kó wọn lọ sì níyàwó mẹ́ta (ìyẹn ò bá wa lójijì ṣá). Mo ní kí tèmi dúró lórí ìwé 8 ná, ó kùn, ó gbà.

Ẹ má jùnù o, ìwé láíbúrérì ni, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀. Ẹ mú ìwé 1 lálẹ́ òní kẹ́ ẹ kà á fúnra yín, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé lẹ ti máa ṣí i, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á wá sósì.