Prófẹ́sọ̀ wa ní wọ́n á jí iṣẹ́ wa tá a bá gbé e sórí bioRxiv, kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lẹ́kíṣọ̀ ni mí ní ẹ̀ka microbiology ní fásitì kan, iṣẹ́ wa dá lórí bakitéríà tí oògùn antibiotic ò ràn mọ́. A ti kọ pépà kan tán, mo fẹ́ ká gbé preprint ẹ̀ (pépà tí jọ́nà ò tíì yẹ̀ wò) sórí bioRxiv, ìkànnì tí gbogbo èèyàn ti lè kà á, kí jọ́nà tó dá wa lóhùn, àmọ́ prófẹ́sọ̀ tó ni lẹ́ẹ̀bù ò gbà. Wọ́n ní àwọn òyìnbó á jí i, pé jọ́nà kankan ò sì ní gbà á mọ́. Ẹ̀rù ti wá ń ba àwọn ọmọ PhD náà. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá prófẹ́sọ̀ yẹn jà. Ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí nǹkan inú fírísà má bàa bàjẹ́, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó dátà jọ, ó yẹ kó bẹ̀rù olè. Àmọ́ ibi tí wọ́n rò pé olè wà, olè ò sí níbẹ̀.

Ẹ bi wọ́n pé tá a bá fi pépà ránṣẹ́ sí jọ́nà, ta ló máa kà á? Ẹ́dítọ̀ ni, àti àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n máa ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn yẹn ló sì sábà máa ń ṣe irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, ẹ ò ní mọ orúkọ wọn, oṣù mélòó kan lè kọjá, wọ́n lè wá dá a padà fún yín kẹ́ ẹ tún lọ bẹ̀rẹ̀ ní jọ́nà míì, gbogbo àsìkò yẹn kò sí nǹkan kan níta tó máa fi hàn pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ tó bá ti wà lórí bioRxiv, orúkọ yín ti wà lára ẹ̀, dẹ́ètì wà níbẹ̀, DOI (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá pépà mọ̀) wà níbẹ̀, ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ jáde lẹ́yìn yín, gbogbo ayé á rí i pé ẹ̀yìn yín ló dé. Àwọn jọ́nà EMBO Press tiẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ọjọ́ tí preprint yín bá ti jáde, tí ẹlòmíì bá tẹ irú ẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, àwọn ò ní torí ìyẹn kọ tiyín. Àwọn onífísíìsì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lórí arXiv, ìkànnì preprint tiwọn, láti 1991, àwa onímọ̀ ẹ̀dá alààyè la pẹ́, 2013 ni Cold Spring Harbor Laboratory ní Amẹ́ríkà tó dá bioRxiv sílẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ mú wọn lọ sí Ẹdẹ. Lóṣù kẹta 2020, Prófẹ́sọ̀ Christian Happi àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní ACEGID, ibùdó ìwádìí àwọn àrùn àkóràn ní Redeemer's University, ka jínóòmù (gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá) kòrónà tó wọ Nàìjíríà, wọn ò dúró de jọ́nà kankan, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lóòótọ́, jínóòmù lásán ni, kì í ṣe preprint, àmọ́ ta ló gbà á lọ́wọ́ wọn? Títí dòní, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jínóòmù kòrónà àkọ́kọ́ tó jáde láti Áfíríkà, Ẹdẹ ló máa dárúkọ. Gbígbé tí wọ́n gbé e síta ló jẹ́ kó di tiwọn.

Ti pé jọ́nà ò ní gbà á mọ́ yẹn ò le rárá. Nature, Science, Cell, PNAS, PLOS, gbogbo wọn ló ń gba pépà tó ti jáde bíi preprint. Jọ́nà kéékèèké tiwa ńkọ́? Ẹ kọ ímeèlì sí ẹ́dítọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan síta, kẹ́ ẹ gba èsì lákọsílẹ̀.

Ibi kan wà tí prófẹ́sọ̀ jàre o. Tẹ́ ẹ bá rí èròjà tuntun tẹ́ ẹ lè gba pátẹ́ǹtì lé lórí, ẹ má gbé ohunkóhun síta, ọ́fíìsì tó ń rí sí pátẹ́ǹtì ní fásitì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ohun tó bá ti hàn sí gbogbo èèyàn lè ba pátẹ́ǹtì yín jẹ́. Tó bá sì jẹ́ ara aláìsàn lẹ ti mú bakitéríà yẹn, kí lẹ́tà ethics yín (ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lára èèyàn) wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ yọ gbogbo nǹkan tí wọ́n fi lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀ kúrò nínú téèbù. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti ìtọ́jú aláìsàn gangan, medRxiv, ìkànnì preprint ti ìṣègùn, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ohun tó bá ti gorí bioRxiv kì í parẹ́. Ní 2020, àwọn kan kọ ọ́ pé kòrónà jọ HIV, àwọn onímọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, kò pé ọjọ́ mélòó kan táwọn fúnra wọn fi fà á sẹ́yìn, síbẹ̀ èèyàn ṣì lè rí i dòní. Ohun tẹ́ ẹ bá lè fọwọ́ sí níwájú jọ́nà ni kẹ́ ẹ gbé síta, ẹ má gbé iṣẹ́ tí ò tíì jinná.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ PhD, ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí CV ọmọ tó mọṣẹ́, tó jẹ́ pé "in preparation" (à ń kọ ọ́ lọ́wọ́) ló kún inú ẹ̀. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́? Preprint, wọ́n á ṣí i, wọ́n á kà á. NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni lówó ìwádìí ìṣègùn, ti ń jẹ́ kí èèyàn tọ́ka sí i tó bá ń bèèrè owó ìwádìí láti 2017. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ promotion nílé ò tíì kà á sí pépà, ẹ má tan ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn, ẹ ṣì nílò jọ́nà yín.

Torí náà ẹ má sọ pé kí gbogbo lẹ́ẹ̀bù yí padà. Pépà kan yìí ni kẹ́ ẹ tọrọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà náà ni kẹ́ ẹ gbé e sórí bioRxiv. Wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, wọ́n á kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí lóòótọ́, bóyá ẹ jí i kọ, kò sábà ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹ jẹ́ kí prófẹ́sọ̀ fúnra wọn mú láísẹ́ǹsì (ohun tẹ́ ẹ gba ẹlòmíì láyè láti fi pépà náà ṣe) tó bá wù wọ́n. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ fi irú èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Pépà wa ti parí, ó wà lára ímeèlì yìí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè la fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà, ká sì gbé e sórí bioRxiv lọ́jọ́ náà. Ẹ bá wa wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ẹ gbà tàbí ẹ ò gbà kó tó di Fúráìdè."

Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun ò gbà, ẹ ò lè gbé e síbẹ̀, òfin bioRxiv ni. Ẹ jẹ́ kí pépà yẹn máa lọ sí jọ́nà, kẹ́ ẹ tún bi wọ́n nígbà tó bá kan èyí tó tẹ̀ lé e.