Ọkùnrin ṣe ń jẹ́ ìyàwó òrìṣà?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Mo rí fídíò kan láti Bahia ní Brazil. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni wọ́n ń pè ní 'iaô' níbẹ̀. Ṣé 'ìyàwó' tiwa náà ni? Bó bá jẹ́ òun ni, báwo ni ọkùnrin ṣe di ìyàwó?"

Òun gan-an ni. Lẹ́tà Potogí ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ọmọ òrìṣà, tí kò tíì di àgbà nílé òrìṣà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ agboolé ná.

Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ó bá ọmọbìnrin ọdún méje kan níbẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe ọmọ yẹn lórúkọ. "Ọkọ mi" ni yóò máa pè é, tàbí kó fún un lórúkọ àpọ́nlé: Ìdílẹ̀kẹ̀, Adúmáadán, Eyínafẹ́. (Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pè mí ní Akọ̀wé títí dòní, bẹ́ẹ̀ n kò jókòó sí ọ́fíìsì rí.) Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí obìnrin náà ti wọlé, ó lè pe ìyẹn lórúkọ bó ṣe wù ú. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ wà nílé ni. Ọkọ ni ẹni tí a bá nílé, ìyàwó ni ẹni tó wọlé wá bá a.

Orí irú nǹkan báyìí ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, gbé ìwé rẹ̀ ti ọdún 1997, The Invention of Women, kà. Ó ní èdè wa kò fi "ó" ya ọkùnrin sọ́tọ̀, pé "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo, pé àgbà ló ń darí ilé Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Mo bá a dé ìdajì ọ̀nà. Òótọ́ ni pé obìnrin ń jẹ́ ọkọ nínú agboolé. Ṣùgbọ́n ta ló rí ọkùnrin tí àwọn àna rẹ̀ ń pè ní ìyàwó rí? Ibì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ti ń ṣẹlẹ̀ ni ilé òrìṣà.

Ibẹ̀ ni J. Lorand Matory tẹjú mọ́. Ará Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwádìí ìgbé ayé àti àṣà àwọn ènìyàn, ó sì gbé láàárín àwọn ará Ìgbòho kó tó kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1994. Ó rí àwọn ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn tí wọ́n dirun bí obìnrin, tí wọ́n le tìróò. Ó di ọ̀rọ̀ ìṣe náà mú: òrìṣà ń gun elégùn, ẹni ń gun ẹṣin, àkùkọ ń gun adìyẹ. Ẹni tí Ṣàngó bá gùn ti di ìyàwó rẹ̀, ì báà lágbára bí erin. Tèmi ni pé Oyěwùmí tó ń sọ ti àgbà àti Matory tó ń sọ ti gígùn kò ta ko ara wọn tó bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń jà á.

Ní ti Bahia, Ruth Landes débẹ̀ ní 1938. Ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe irú iṣẹ́ Matory ni, akẹ́kọ̀ọ́ Ruth Benedict ní yunifásítì Columbia, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún. Edison Carneiro, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Bahia, ló mú un wọ inú àwọn ilé òrìṣà, ó sì bá àwọn ìyálórìṣà lórí àga. Ó kọ ọ́ pé àwọn ilé àgbà kò fẹ́ fi ọkùnrin ṣe iaô nígbà náà. Nígbà tí ìwé rẹ̀, The City of Women, jáde ní 1947, Melville Herskovits, ọ̀gá láàárín àwọn onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, bẹnu àtẹ́ lù ú. 1965 ni Landes tó rí iṣẹ́ yunifásítì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní McMaster ní Kánádà. Wọ́n fìyà jẹ obìnrin yẹn. Síbẹ̀, agbára àwọn obìnrin tó yà á lẹ́nu ní Bahia ní gbòǹgbò nílé wa níbí: orúkọ Engenho Velho, ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ ní Bahia, ni Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà, Ìyá Nasò sì ni oyè obìnrin tó ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin ní Ọ̀yọ́.

Ní Kúbà, ọdún kan ni ìyàwó òrìṣà fi ń wọ aṣọ funfun, kó tó bọ́ ọ. Ti Brazil pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin inú fídíò yín yóò jẹ́ iaô fún ọdún méje, bó bá sì ti ṣe orò ọdún keje tán, orúkọ yí padà. "Ebômi" ni wọn yóò máa pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi. Ohun kan náà ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá pé ọdún méje.