Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Gíráàfù Ìdánwò Kọ̀ǹpútà Tó Rẹwà Tó sì Ṣeé Kà

Lẹ́tà tó wọlé lórí gíráàfù èsì ìdánwò kọ̀ǹpútà pọ̀ lóṣù yìí. A mú mẹ́rin nínú wọn, méjì láti Àkúrẹ́, méjì láti Òǹdó.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń tà lọ́nà Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Kí n tó gbé ọjà síta, mo máa ń fi Cinebench (ètò tó ń fún agbára processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní máàkì) dán an wò, mo máa ń wọn iyára SSD rẹ̀ (ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí), mo sì máa ń wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbà láti fún fídíò kan pọ̀. Màá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú gíráàfù kan, ọ̀pá 3D tó ń dán lórí ilẹ̀ dúdú, màá gbé e sórí status WhatsApp. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo oníbàárà ń bi mí: "Èwo ló yá jù nínú wọn gan-an?" Kí ló kù díẹ̀ káàtó? (Oníṣòwò, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ohun mẹ́ta tí kò bára tan lẹ kó sínú àwòrán kan. Máàkì Cinebench lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, SSD tó ń gba SATA (oríṣi ìsopọ̀ àtijọ́) kì í ju nǹkan bí 550 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò yín sì lè parí ní ìṣẹ́jú àáyá 90. Tí wọ́n bá jọ wà lórí ìlà òǹkà kan, ọ̀pá 90 ò ní í ju èékánná lọ. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé nínú méjì àkọ́kọ́, ọ̀pá tó gùn ló dára. Nínú ti fídíò, èyí tó kúrú ló dára. Oníbàárà á rí ọ̀pá gígùn, á ní òun ló borí, àṣé òun gan-an ló lọ́ra jù.

Ìdánwò kan, àwòrán kan. Ẹ gbé mẹ́ta sórí status, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan pé "èyí tó gùn jù ló yá jù" tàbí "èyí tó kúrú jù ló yá jù". Ẹ má fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò.

Ẹ dá ọ̀pá dùbúlẹ̀. Orúkọ bíi "HP EliteBook 840 G5, i5, RAM 8 GB" gùn. Tí ọ̀pá bá dúró, Excel á dá orúkọ náà wọ́ tàbí kó gé e. Tí ọ̀pá bá dùbúlẹ̀, orúkọ á wà lápá òsì, nọ́ḿbà á wà létí ọ̀pá. Gbàrà tí nọ́ḿbà bá ti wà létí ọ̀pá, ẹ lè pa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́, kí ẹ pa ìlà òǹkà ìsàlẹ̀ náà rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ibí yìí ni Excel ti máa ń da orí ẹni rú: ohun tó wà lókè nínú tábìlì ló máa ń gbé sísàlẹ̀ gíráàfù. Ẹ tẹ àwọn orúkọ náà, ẹ lọ sí Format Axis, kí ẹ máàkì "Categories in reverse order". Ìlà òǹkà á fò lọ sókè. Tí ẹ bá ṣì ń lò ó, ẹ yan "At maximum category", á padà sí àyè rẹ̀. Àlàfo àárín ọ̀pá tí Excel máa ń fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ẹ fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 50% níbi tí wọ́n kọ Gap Width sí, kí ọ̀pá lè sanra díẹ̀.

3D yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Ọ̀pá 3D ní etí méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ojú ò sì mọ èwo ni kóun fi wọn nǹkan. Dídán àti òjìji náà ò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n ń gbẹ̀yìn bẹbọ yín jẹ́ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kó rẹwà, àwọ̀ kan ṣoṣo tó: ẹ kun gbogbo ọ̀pá ní àwọ̀ eérú, kí ẹ wá kun láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ fẹ́ tà lọ́sẹ̀ yìí ní búlúù tó jinlẹ̀, bíi èyí tí kóòdù àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ #0072B2. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tó yẹ kóun wò.

Ní ti títóbi, status kún ojú fóònù ní pixel 1080 níbùú àti 1920 lóròó. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kankan kéré ju pixel 36 lọ. Àkọlé lè tó 56. Lórí fóònù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, pixel 36 yẹn ò ju mìlímítà 2 àti díẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe àṣejù. PNG ni kí ẹ fi pamọ́. WhatsApp á ṣì fún un pọ̀ di JPEG, ìdọ̀tí á sì yí lẹ́tà tín-ín-rín ká, pàápàá lẹ́tà pupa lórí ilẹ̀ dúdú. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ funfun àti lẹ́tà tó nípọn fi sàn. Oníbàárà tó bá fẹ́ rí i kedere, ẹ fi ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi Document, kò ní í bàjẹ́.

Ohun kan kù. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ló máa ń dín iyára rẹ̀ kù tó bá ń lo bátìrì. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ bóyá ṣájà wà lára rẹ̀, iye RAM, àti ìgbà mélòó lẹ dán an wò. Tí iná bá lọ láàárín ìdánwò, èsì yẹn ti bàjẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìbéèrè: Mo rí gíráàfù graphics card méjì (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù sójú kọ̀ǹpútà). Ọ̀kan gba 142 FPS (iye àwòrán tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), èkejì gba 150, ṣùgbọ́n ọ̀pá èkejì gùn tó ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni? (Ọ̀dọ́ olùkàwé, Òǹdó)

Ìdáhùn: Nọ́ḿbà ò purọ́, ọ̀pá ló purọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlà òǹkà láti 140. Ohun tó wá kù fún àkọ́kọ́ ni 2, fún èkejì 10, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún yín. Ìyàtọ̀ tòótọ́ jẹ́ 8 lórí 142, kò pé ìdá 6 nínú 100. Gígùn ni ọ̀pá fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà orí òdo ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tó yà á fẹ́ tan yín jẹ dandan o: tí àwọn nọ́ḿbà bá sún mọ́ra, Excel lè fúnra rẹ̀ gé ìlà náà. Ẹ wọ Format Axis, kí ẹ kọ 0 sí Minimum. Tí ọ̀pá méjèèjì bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lóòótọ́.

Kí ẹ tó gbà pé 8 yẹn jámọ́ nǹkan pàápàá, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n dán an wò. Ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣeé gbára lé, torí pé géèmù ṣì ń kó nǹkan jọ sínú mẹ́mórì. Ẹ jù ú nù, ẹ ṣe mẹ́ta sí i, kí ẹ lo èyí tó bọ́ sáàárín. Ká ní káàdì kan mú 141, 149 àti 144 wá, ìyàtọ̀ 8 ti wà láàárín òun àti ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì kọ 142.37; 142 ti tó.

Èmi ò tilẹ̀ ní gba gíráàfù tó fi ìpíndọ́gba nìkan hàn mí. Káàdì tó gba 150 ní ìpíndọ́gba, tí 1% low rẹ̀ (FPS rẹ̀ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lọ́ra jù) sì jẹ́ 48, á máa ta kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ lójú ju èyí tó gba 142 pẹ̀lú 110 lọ. Ní 48 FPS, frame kan (àwòrán kan) ń gbà tó millisecond 21 (ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ní 110, ó ń gbà bíi 9. Ẹ fi ọ̀pá méjì fún káàdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: ìpíndọ́gba ní búlúù tó jinlẹ̀, 1% low ní búlúù tó fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má tò wọ́n léra wọn lórí ìlà kan náà, nítorí ẹlòmíì á ro wọ́n pọ̀, á ka 198.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí. Mo wọn ooru processor láàpútọ́ọ̀pù mẹ́rin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Lójú kọ̀ǹpútà, ó mọ́ kedere. Nígbà tí mo ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, ìlà méjì di ọ̀kan náà. (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ eérú ni, àbí? Àwọn ni Excel 2013, 2016 àti 2019 máa ń fún ìlà kejì àti ìkẹta. Lójú wa wọ́n jìnnà síra, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ nìkan sì ni ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì mọ̀. Fi ìrísí ìlà yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan dúdú gbọọrọ tó nípọn, ọ̀kan onígégé, ọ̀kan olójúàmì, ọ̀kan eérú tó fẹ́ẹ́rẹ́. Kọ orúkọ láàpútọ́ọ̀pù sí ìparí ìlà rẹ̀ gan-an, kí o yọ àpótí àlàyé ẹ̀gbẹ́ kúrò.

Tó o bá fi HWiNFO (ètò tó ń ka ooru inú kọ̀ǹpútà) gba nọ́ḿbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 1,800 lo ní fún láàpútọ́ọ̀pù kan, ìlà á sì máa rí gánnagànna. Mú ìpíndọ́gba márùn-ún márùn-ún, á di 360. Má fà á dé ọgọ́ta, torí ibi tí processor ti dín iyára rẹ̀ kù láti tutù lè má gùn ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ, á sì pòórá. Ní ti ooru, kò pọn dandan kí ìlà òǹkà bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nítorí 0°C kì í ṣe àìsí ooru; 30 sí 100 dára. Má fi ìlà òǹkà méjì sí ọ̀tún àti òsì láti kó ooru àti GHz (iyára processor) pọ̀. Ya méjì, ọ̀kan lórí èkejì, kí àkókò wọn bára mu. Olùkàwé á rí i fúnra rẹ̀ pé ibi tí ooru ti kan òkè ni GHz ti já wálẹ̀.

Kọ ooru yàrá síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sán oṣù kẹta ní Àkúrẹ́ nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe ẹgbẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́. Tí ọjọ́ ìdánwò bá yàtọ̀, yọ ooru yàrá kúrò nínú ti processor, kí o wá ya èyí tó kù.

Ìbéèrè: Nínú gíráàfù mi, ṣé mo lè fi pupa kun ọjà ilé-iṣẹ́ AMD, kí n fi àwọ̀ ewé kun ti Nvidia, kí n fi búlúù kun ti Intel? (Olùkàwé, Òǹdó)

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, àwọn ènìyàn ti mọ àwọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé, nítorí náà ẹ lo pupa tó dúdú díẹ̀ àti ewé tó mọ́lẹ̀, kí orúkọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé káàdì tuntun kan ṣoṣo ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ padà sórí eérú àti àwọ̀ kan.