Ìdáhùn sí ìyá tó kọ̀wé láti Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, nípa ọmọ rẹ̀ tó ń mú owó ọjà

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 8, ń yọ owó iṣu tí ẹ tà, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Kútọnu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí owó náà ń lọ.

Ojú wa rí màbo ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Nígbà tí owó àkàrà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín, mo ṣàkíyèsí pé ọmọ mi kò ra nǹkan kan. Ní ìsàlẹ̀ àpò ìwé rẹ̀ ni mo ti rí ẹyọ owó 200 sẹ́fà tí ó dì sínú àkísà, tí ó sì ta ní kókó. Kí n tó mọ ẹni tí ó ń kó o fún, wọ́n ká owó ọmọ mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò ránṣẹ́ pè mí. Ó nà án ní pàṣán, ó kọ «olè» sára páálí, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì mú un dúró lábẹ́ àsíá níṣojú gbogbo ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi Gùn àti Yorùbá pè é ní olè. Kò jẹun dáadáa mọ́, ó ń tọ̀ sórí ẹní lóru, bí mo bá sì nawọ́ mú ṣíbí lásán, á fi apá bo orí. Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá náà, ó ní òun ń bá mi tọ́ ọmọ ni, bẹ́ẹ̀ Òfin Ọmọdé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2015 ka nína ọmọ léèwọ̀, nílé àti ní ilé ẹ̀kọ́!

Kò sí olùkọ́ kan tó bi í ní ìdí. Alẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀wà ni ó sọ fún mi pé ọmọ kan tó dàgbà jù ú lọ ń dènà dè é láràárọ̀, pé bí òun kò bá mú owó wá, yóò lu òun.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ní àwọn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí ọmọ náà lórí ìka. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ata sí i lójú tàbí kí ẹ fi iná jó o lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé yín rárá.

Ọmọ kékeré lè má tíì mọ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 8 mọ̀ ọ́n, nítorí náà, ó ní ohun tó ń lé e. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé òun ló mú un, ẹ má bi í pé «ṣé ìwọ ni?», torí irọ́ ni ìbẹ̀rù máa fi sí i lẹ́nu, ẹ bi í pé ta ni ó kó o fún. Gbígbé àpò owó kúrò nílẹ̀ àti fífi iṣẹ́ kékeré san án padà, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Ní ti Kútọnu, ọmọ tí orúkọ olè bá ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé onílé, òun ni wọn yóò máa dì mú nígbàkígbà tí nǹkan bá sọnù. Ẹ mú un sọ́dọ̀ yín. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì sìn ín dé ilé ẹ̀kọ́ fún òwúrọ̀ mélòó kan, kí ẹ fojú ara yín rí ẹni tó ń dúró dè é lójú ọ̀nà.